Áńpù gìtá tó ń pa fáàfù jẹ

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé áńpù yìí dé ọ̀dọ̀ mi: ó ń pa fáàfù jẹ, ìyẹn àwọn ìgò kékeré tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín ti pààrọ̀ fáàfù ńlá méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. "Àbúrò, bí mo bá ta gìtá fún wákàtí kan, ara wọn á pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Ohùn náà ò sì ròkè. Màá yí i dé òpin, yóò kàn máa ráhùn ni." Mo ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ gbé àpótí sípíkà rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi sípíkà ṣe, ṣebí áńpù ló ń ṣàìsàn. Mo ní ẹ ṣáà bá mi gbé e wá.

Ohun tí mo bá nílẹ̀ rèé. Áńpù àtijọ́ ni, kò tóbi, fáàfù EL84 méjì ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde: bí ọ̀kan bá ń tì, èkejì á máa fà. Àwo orúkọ iwájú rẹ̀ ti já bọ́. Lẹ́yìn, níbi tí jáàkì sípíkà wà, ẹnìkan ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún mọ́lẹ̀, nọ́ńbà tó yẹ kó sọ irú sípíkà tó ń fẹ́ sì ti bá ọ̀dà lọ. Àpótí sípíkà gba méjì, oní-íńṣì 12. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òòfà àwọn méjèèjì kọ 8 ohm gàdàgbà. Ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà tí nǹkan ń gbé ko iná.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo kọ́kọ́ tú iná inú kàpásítọ̀, ohun tó ń fi iná pamọ́, sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ áńpù fáàfù lára iná, kò tíì kú o. Ó ju 300 volt lọ tó ṣì lè sùn sínú rẹ̀, yóò sì dúró de ìka yín. Rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dènà iná) 10,000 ohm kan ni mo jó mọ́ wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò dáadáa, òun ni mo fi ń fa iná náà sílẹ̀, mítà sì wà lórí rẹ̀ títí ó fi wálẹ̀ dé bíi 2 volt. Ọwọ́ kan ló ń ṣiṣẹ́, èkejì wà lẹ́yìn mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀pọ̀ ló máa gbà pé bí fáàfù bá ń pọ́n, àfi kó jẹ́ pé iná tí wọ́n ṣètò fún un ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ àwọn fáàfù tó ti rẹ̀, mo fi méjì tèmi tí mo mọ̀ pé ara wọn le síbẹ̀, mo tanná sí i láìta gìtá rárá. Rẹsísítọ̀ 130 ohm kan wà nídìí àwọn méjèèjì. Gbogbo iná tó bá gba inú fáàfù kọjá, àfi kó gba ibẹ̀. Mo bá 11.4 volt lórí rẹ̀. Ẹ fi 130 pín 11.4, milliampere 88 ló máa fún yín (òun ni wọ́n fi ń wọn iná tó ń ṣàn), ìyẹn 44 fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Mo yọ bíi 5 sẹ́yìn fún screen, àwọ̀n kan nínú fáàfù, ó ku 39 tó ń gba anode, irin tó yí inú fáàfù po. Volt tó wà láàárín anode àti cathode, irin gbígbóná àárín fáàfù, jẹ́ 298. Ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, watt 11.6 ni. Watt 12 ni òpin ohun tí anode EL84 lè fara gbà, nítorí náà ó sún mọ́ etí kòtò, àmọ́ kò tíì jìn sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣe irú áńpù yìí láyé àtijọ́ ṣe máa ń ṣe é. Mo fi í sílẹ̀ fún odidi wákàtí kan, fáàfù ò pọ́n. Bí ìjókòó ò bá ti dun ènìyàn, tó jẹ́ ìrìn ló ń dùn ún, ẹrù orí rẹ̀ ni ká lọ wò.

Ẹrù áńpù ni sípíkà. Mo fi mítà sí ẹnu púlọ́ọ̀gì tó jáde látinú àpótí, ó ka 4.7 ohm. Mo pa ẹnu ọ̀pá mítà pọ̀, òun nìkan ka 0.3, ìyẹn ni pé 4.4 ni sípíkà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo kọjá lọ. Ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́ fún mi, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ohun tí mítà kà ni 8 tí wọ́n kọ sára sípíkà. Kì í ṣe òun. Iná bátìrì, tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ni mítà fi ń wọn wáyà tó yí nínú kọ́ìlì. Ohùn gìtá ní tirẹ̀ jẹ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ìdènà tí sípíkà ń gbé ko irú iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní impedance. Ó máa ń ju ohun tí mítà kà lọ. Sípíkà 8 ohm sábà máa ń fi bíi 6 sí 7 hàn lójú mítà, ti 16 á fi bíi 11 sí 14 hàn, ti 4 ò sì ní pé 4. Bí 8 méjì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí rere wọn para pọ̀, tí òdì wọn náà para pọ̀, 4 ohm ni impedance wọn, mítà á sì ka bíi 3.3. Èmi ti rí 4.4. Mo ní bóyá ìdí púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí.

Inú áńpù ni mo kọjú sí. Fáàfù ò lè bá sípíkà sọ̀rọ̀ tààrà. Volt ńlá ni fáàfù ní, iná tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kò tó nǹkan; sípíkà ń fẹ́ iná púpọ̀, volt díẹ̀ tó o. Tírànsífọ́mà ìjáde ni ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn. EL84 méjì tó ń tì tó ń fà ní nǹkan bí 300 volt, 8,000 ohm ni ìwé àwọn tó ń ṣe fáàfù ní kí ó wà láti anode kan sí èkejì. Kò sí sípíkà 8,000 ohm, tírànsífọ́mà ló ń mú kí kékeré dà bí ńlá lójú fáàfù. Ẹ wo iye ìgbà tí wáyà yí po lápá fáàfù, ẹ fi iye tó yí po lápá sípíkà pín in, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀. Iye ìgbà tí ohm sípíkà máa fi pọ̀ sí i lójú fáàfù nìyẹn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ru àwọn ènìyàn lójú. Bí wọ́n bá kọ 16 sí ẹ̀yìn áńpù, wọ́n á rò pé tírànsífọ́mà ní 16 ohm nínú. Kò ní in. Ohun tó mọ̀ kò ju ìlọ́po lọ. Ohun tí ẹ bá gbé kọ́ ọ lọ́rùn ló máa lọ́po. Ẹ so 4 mọ́ ibi tí wọ́n kọ 16 sí, kò ní bá yín jà, kò ní ké. Yóò kàn gbé ìdá mẹ́rin ohun tó yẹ fún fáàfù, fáàfù ló sì máa jìyà rẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn áńpù yìí ti sọnù, nítorí náà wíwọ̀n ló kù. Mo yọ fáàfù méjèèjì, mo tú wáyà apá sípíkà kúrò lára jáàkì. Mo mú tírànsífọ́mà kékeré kan tó ń fúnni ní 12 volt iná tó ń lọ tó ń bọ̀ (13.4 gan-an ni mítà kà, torí kò gbé ẹrù), mo fi sí ihò keje ìjókòó fáàfù kìíní àti ihò keje ti èkejì, níbi tí anode wà. Mo wá lọ wọn ohun tó jáde lápá kejì. Ẹ má yí i padà o. Ẹni tó bá fi volt 12 yìí sí apá sípíkà, volt tó lé ní 300 ló máa bá lápá fáàfù, lórí tábìlì tó rò pé ohun ìṣeré ló wà níbẹ̀.

Wáyà mẹ́ta ló jáde lápá sípíkà: dúdú, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Dúdú ni ìdí gbogbo wọn. Yẹ́lò ló wà lórí jáàkì. Wọ́n ti gé orí aláwọ̀ ewé, wọ́n fi tépù aláṣọ dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́, tépù náà ti gbẹ débi pé ó ń rún bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí mo fi ìka kàn án. Láti dúdú sí yẹ́lò, 0.598 volt. Láti dúdú sí aláwọ̀ ewé, 0.423. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: 13.4 tí a fi 0.598 pín jẹ́ 22.4, ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 502. 13.4 tí a fi 0.423 pín jẹ́ 31.7, ìlọ́po ara rẹ̀ lé díẹ̀ ní 1,000. Bí ó bá jẹ́ 8,000 ni fáàfù ń wá, yẹ́lò ń fẹ́ sípíkà 16 ohm nìyẹn, aláwọ̀ ewé ń fẹ́ 8. Kò sí ibì kankan fún 4.

Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè. Sípíkà 8 méjì nínú àpótí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 4 ohm. Wọ́n so ó mọ́ ibi 16. 4 lọ́nà 502, 2,008 ohm ni fáàfù ń rí dípò 8,000. Ohm kékeré ni ẹrù ńlá. Fáàfù á máa da iná púpọ̀ sílẹ̀ láìrí volt tó nítumọ̀ gbé jáde, èyí tí kò bá rí ọ̀nà dé sípíkà á di ooru lára rẹ̀. Pípọ́n náà ti yé mi. Ìráhùn náà ti yé mi. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo jó yẹ́lò kúrò lórí jáàkì, mo tú tépù aláwọ̀ ewé, mo họ orí rẹ̀ títí bàbà fi yọ, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o síbẹ̀. Ní èrò tèmi, 4 lórí ibi 8 á gbé 4,000 fún fáàfù. Ìdajì ohun tó yẹ ni lóòótọ́, àmọ́ áńpù fáàfù tó pé sábà máa ń fara da ìgbésẹ̀ kan sókè tàbí sísàlẹ̀.

Mo dá fáàfù padà, mo fi gìtá sí i. Ó yàtọ̀ gan-an. Ohùn ní àyà báyìí, fáàfù ò sì pọ́n. Ó yẹ kí n dìde nílẹ̀, kí n pe ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ bí mo ṣe ń ta á, etí mi ń fà sí òsì. Mo yí àga sí ọ̀tún, ó ṣì ń fà sí òsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan síwájú sípíkà kọ̀ọ̀kan, mo ta okùn tó nípọn jù lọ: atẹ́gùn òsì ń lu ọwọ́ mi, ti ọ̀tún kàn ń fọwọ́ pa á ni. Sípíkà méjì tó ní nọ́ńbà kan náà, orúkọ kan náà, inú àpótí kan náà. Nígbà náà ni mo rántí 4.4.

Mo tú pátákó ẹ̀yìn àpótí. Mo já wáyà kúrò lára sípíkà kọ̀ọ̀kan kí n lè wọ̀n ọ́n lóun nìkan, torí bí wọ́n bá ṣì so pọ̀, àwọn méjèèjì ni mítà ń wọ̀n. Ti òsì: 6.6. Ó dáa, 8 ohm nìyẹn. Ti ọ̀tún: 12.9. Mo fi eyín ọ̀pá mítà họ orí irin náà, mo tún wọ̀n ọ́n. 12.9. Sípíkà 16 ohm ló jókòó sẹ́yìn ìwé tó kọ 8.

Mo tẹ̀ ẹ́ lójú sábẹ́ iná. Bébà rẹ̀, èyí tó ń mì tí ohùn fi ń jáde, dúdú ju ti èkejì lọ díẹ̀, àtè tó yí etí rẹ̀ po ṣì ń dán, kò sì tẹ́jú, ibì kan wà tí ìka ẹni tó fà á ti dúró kó tó tún máa lọ. Ẹnìkan ti pààrọ̀ bébà àti kọ́ìlì rẹ̀, bóyá torí ti àkọ́kọ́ jóná, ó fi kọ́ìlì 16 sí i, ó sì fi ìwé 8 sílẹ̀ lẹ́yìn òòfà. Òòfà ò sì ní ohun tó kàn án nínú nọ́ńbà yẹn. Ara kọ́ìlì ni ohm wà. Ẹ wo 6.6 àti 12.9 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 4.4 ni wọ́n máa fún yín, láìṣẹ́kù. Láti ọjọ́ kìíní ni nọ́ńbà náà ti ń pariwo, èmi ni mi ò gbọ́.

Àìdọ́gba ohùn náà yé mi pẹ̀lú. Bí wọ́n bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, volt kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, èyí tí ohm rẹ̀ kéré ló ń gba iná jù. 8 gba ìdá méjì nínú mẹ́ta watt tó jáde, 16 gba ìdá kan. Bí wọ́n bá wà lẹ́yìn ara wọn ni, tí iná ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, ìdàkejì ni, 16 á gba púpọ̀. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ dè wọ́n tí wọ́n á fi pín in dọ́gba.

Nítorí pé mo ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ gba mítà nìkan gbọ́ mọ́. Mo so rẹsísítọ̀ 100 ohm mọ́ sípíkà lẹ́yìn ara wọn, mo fi fóònù fọn ohùn gbọọrọ gba inú áńpù kékeré kan sí wọn lára, mo wá yí ohùn náà títí mo fi rí 0.5 volt lórí rẹsísítọ̀. Ìyẹn milliampere 5. Ní 400 hertz (ìmì 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 0.041 volt wà lórí sípíkà òsì: 8.2 ohm. Ti ọ̀tún, 0.083 volt: 16.6. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń dùn mọ́ mi jù nínú àyẹ̀wò yìí ń bẹ nísàlẹ̀. Bí mo ṣe ń rọra sọ ohùn náà kalẹ̀ lórí sípíkà òsì, volt orí sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bébà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì débi tí ojú rí i, nígbà tó sì dé bíi 82 hertz, sípíkà tí wọ́n ń pè ní 8 yìí ti di 54 ohm. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti mì. Mo kọjá sísàlẹ̀ rẹ̀, ó tún wálẹ̀. Lókè náà, impedance ń pọ̀ sí i bí ohùn ṣe ń tín-ín-rín, nítorí kọ́ìlì ò fẹ́ràn iná tó ń yára yí padà. Mítà mi ò ṣeé gbára lé ní òkè lọ́hùn-ún, nítorí náà mi ò kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀ fún un. 8 tí wọ́n ń kọ jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pè é. Ìdí tí ìgbésẹ̀ kan kì í fi pa áńpù nìyẹn, torí bí ẹ ṣe ń ta gìtá, ẹrù náà kò yéé yí padà.

Bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi kúrò, mo rí nǹkan tó tì mí lójú. Lára irin òdì sípíkà òsì, wáyà aláṣọ àtijọ́ kan wà níbẹ̀, wọ́n ti gé e, ó ku bí ìka méjì. Lẹ́ẹ̀dì tó dì í mú ti di eérú, kò jọ lẹ́ẹ̀dì dídán tó wà lára àwọn wáyà yòókù. Mo nà án. Ẹ̀gbẹ́ sípíkà ọ̀tún ló kọjú sí. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé bí ẹ bá fẹ́ so sípíkà méjì lẹ́yìn ara wọn, wáyà kan gbọ́dọ̀ ti òdì èkíní lọ sí rere èkejì. 8 àti 8 lẹ́yìn ara wọn, 16. Yẹ́lò. Ẹni tó ṣe áńpù náà ò ṣìṣe, jáàkì wà níbi tó yẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó tún sípíkà ṣe ló tún wáyà àpótí dè, ó sì dè é gbòdì. Èmi tí mo jó yẹ́lò kúrò, ohun tí kò bàjẹ́ ni mo ń tún ṣe.

Ó yẹ kí n ti fura, torí 16 yìí wọ́pọ̀ lára àwọn áńpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ 15. Àpótí Marshall tó ní sípíkà 16 ohm mẹ́rin, tí wọ́n dè ní méjì-méjì, 16 náà ló ń fún áńpù. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Fender máa ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: áńpù wọn, Twin Reverb, ní 8 méjì tó di 4, Bassman 5F6-A ní 8 mẹ́rin tó di 2. Ẹni tó bá ti mọ àṣà kan nìkan á máa fi ṣe èkejì, ó sì jọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àpótí yìí nìyẹn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ṣé pé fáàfù tí mo ń rà lásán ni?" Mo ní kì í ṣe lásán, ẹ̀yin náà ẹ máa gbádùn wọn báyìí. Wọ́n ní sípíkà kan wà nílé tí wọ́n yọ lára àpótí mìíràn, 8 ohm, oní-íńṣì 12. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, ṣùgbọ́n mo ní mi ò ní ka ìwé rẹ̀. 6.8 ni mítà kà. Ó wọlé.

Kí n tó dè é, mo fi bátìrì 1.5 volt wò ó bóyá rere àti òdì tí wọ́n kọ sára sípíkà méjèèjì tọ̀nà. Ẹ fi rere bátìrì kan rere sípíkà, kí bébà rẹ̀ fò síwájú. Bí ó bá fà sẹ́yìn, àmì rẹ̀ yí padà, bí ẹ bá sì so ó pọ̀ mọ́ èkejì, ọ̀kan á máa tì, èkejì á máa fà, ohùn ìsàlẹ̀ á pòórá láàárín wọn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ àṣìṣe: àwọn sípíkà JBL àtijọ́ kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí fò síwájú. Mo dè wọ́n lẹ́yìn ara wọn: orí púlọ́ọ̀gì sí rere òsì, òdì òsì sí rere ọ̀tún, òdì ọ̀tún padà sí ìdí púlọ́ọ̀gì. Mítà ka 13.4 lẹ́yìn tí mo yọ 0.3.

Ó ku jáàkì. Mo dá yẹ́lò padà sórí rẹ̀, mo bẹ aláwọ̀ ewé pé kó má bínú. Ẹ̀gbọ́n wá ní àwọn máa ń gbé áńpù náà lọ síbi tí àpótí 8 ohm wà, ṣé mi ò lè bá àwọn ṣe ojú kejì. Jáàkì kejì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, aláwọ̀ ewé lórí rẹ̀, ó tán. Mo ti ń wá ibi tí màá lu ihò sí kí n tó wo ẹ̀yìn jáàkì àkọ́kọ́ dáadáa. Ó ní irin kékeré kan tó ń pa ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ nígbà tí kò bá sí púlọ́ọ̀gì nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Ohun tó burú jù fún áńpù fáàfù ni kí ó ké nígbà tí kò so mọ́ sípíkà kankan. Ẹ rántí ẹni tó fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì ṣí i láti inú: yóò ṣubú lulẹ̀. Volt inú tírànsífọ́mà náà á fò sókè ju ohun tí ìbora wáyà rẹ̀ lè gbà lọ, iná á ta nínú rẹ̀ tàbí ní ìjókòó fáàfù. Kí ẹnu rẹ̀ pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sàn ju kó ṣófo lọ.

Tó bá wá jẹ́ jáàkì méjì, kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ fi púlọ́ọ̀gì sí ti aláwọ̀ ewé, irin kékeré inú ti yẹ́lò á pa tírànsífọ́mà kan náà lẹ́nu pọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé irin ìlùhò sílẹ̀. Jáàkì kan náà ni mo fi sílẹ̀, mo wá fi súwíìsì kan sẹ́yìn rẹ̀ tó ń yan yẹ́lò tàbí aláwọ̀ ewé, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó yí i. Wáyà feedback tó ń gbé díẹ̀ nínú ohùn padà síwájú áńpù, orí yẹ́lò gan-an ni mo jó o mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn súwíìsì, kí ìwà áńpù má bàa yàtọ̀ bí wọ́n bá yí i sí 8.

Mo fi rẹsísítọ̀ 8 ohm ńlá méjì tó lè gba watt 50 dípò sípíkà, lẹ́yìn ara wọn, mo fọn 400 hertz wọlé, mo ń wo ojú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú, títí orí ìgbì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú. 14.6 volt. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi 16 pín in: watt 13.3. Fún EL84 méjì, mi ò ní béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfẹ́ ìtọpinpin wá mú mi, mo yí rẹsísítọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 4 ohm lórí yẹ́lò, bí mo ṣe rò pé àpótí náà wà tẹ́lẹ̀. Orí ìgbì tẹ́jú ní 4.9 volt, ìyẹn watt 6. Mi ò fi sílẹ̀ ju bí ẹni ka ení dé ẹẹ́wàá lọ, anode fáàfù kan ti ń yọ ojú pípọ́n níkọ̀rọ̀. Àpótí gan-an sàn díẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí 16 inú rẹ̀ sọ ọ́ di 5.3. Sípíkà tó purọ́ yẹn ló tún ń dáàbò bo fáàfù díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni wáyà tó lọ láti áńpù sí àpótí. Wáyà gìtá ni ẹ̀gbọ́n ń lò, èyí tó tín-ín-rín nínú tó ní àwọ̀n níta. Kò ṣe é fún sípíkà. Bí fọ́nrán inú rẹ̀ bá já, áńpù ti ń ké síbi tó ṣófo nìyẹn. Mo fi wáyà onífọ́nrán méjì tó nípọn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ta á fún wákàtí méjì, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń yọjú wo fáàfù láti ẹ̀yìn: dúdú ni anode wọn, okùn inú wọn nìkan ló ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn fáàfù àtijọ́ tí wọ́n kó wá nínú páálí, ọ̀kan ṣì lè ṣiṣẹ́, èkejì ti parí.

Sípíkà ọ̀tún wà lórí pẹpẹ mi báyìí. Mo họ ìwé 8 kúrò lẹ́yìn òòfà rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, mo sì fi kálàmù tí kì í pa rẹ́ kọ 16 síbẹ̀, àti 12.9 lábẹ́ rẹ̀.